Wọ́n Mú Àbúrò, Wọ́n Fi Ẹ̀gbọ́n Sílẹ̀

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní Halden, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, wàá rí ọmọbìnrin gíga kan láàárín àwọn akọrin, tó ń kọ gbogbo orin láìwo ìwé. Marit Halvorsen ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti ń gbé e wá síbẹ̀ látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó mọ gbogbo ìwé inú Bíbélì ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n Marit kò mọ Jésù, ẹnì kan sì wà nínú ilé wọn tí kò lè wò lójú kí inú rẹ̀ má ru.

Signe ni ẹni náà, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú oyún kan náà. Marit ló kọ́kọ́ jáde, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Marit kò jẹ́ kí Signe gbàgbé bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́, Marit kò gba máàkì tó kéré sí A. Signe ní tirẹ̀ máa ń gba A díẹ̀ àti B púpọ̀, ó sì gba C kan nínú kẹ́mísìrì. Marit sọ C yẹn di orúkọ fún un. Bí Signe bá ti ń wọlé báyìí, Marit á dìde, á tẹríba.

“Ìyá Kẹ́mísìrì, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀kọ́ lónìí ńkọ́?”

Signe á rẹ́rìn-ín, á ju ibọ̀wọ́ rẹ̀ lù ú. Kò mọ̀ pé kì í ṣe eré ni ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe.

Ní ọdún tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹwàá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Einar, bàbá bàbá wọn, tó ń dá gbé ní òdì kejì adágún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì parẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ bèèrè omi, ohùn kan ṣoṣo ló máa ń tún sọ ṣáá, á wá bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ẹ̀rù ń ba Marit láti lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ láti ṣe.

Signe ló ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fọ abọ́ níbẹ̀, ó sì ń kọ orin kan tí bàbá àgbà fi ń rẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Lójijì ni ohùn kan gbè é lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá àgbà ni. Ó kọ orin náà dópin, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí kò lè sọ pé “omi” lè kọ ọ́ lórin!

Láti ọjọ́ náà ni Signe ti ń fi orin bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ọ bó ṣe lè fi orin bèèrè oúnjẹ, bó ṣe lè fi orin sọ ibi tó ń ro ó. Nígbà tó yá, ó wá àwọn àgbàlagbà mìíràn tí irú àrùn yẹn ti gba ohùn lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aya tí kò gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu ọkọ wọn fún ọdún bíi mélòó kan gbọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n sì sunkún.

Marit wò ó, ó ṣe ṣìọ̀. “Máàkì ẹ ń lọ sílẹ̀, o wà níbi tí àwọn arúgbó ti ń ké bí ewúrẹ́. Yunifásítì wo ló máa torí ìyẹn gbà ẹ́?”

“Mi ò ṣe é torí yunifásítì.”

“Ó hàn bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí ọdún tó kẹ́yìn dé, àwọn méjèèjì kọ orúkọ sí Wexcombe, yunifásítì ńlá kan tó jìnnà sílé, tí kì í gbà ju ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ lọ. Láti ọmọ kékeré ni Marit ti ń sọ pé ibẹ̀ lòun ń lọ. Àwòrán ibẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ògiri orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí Signe sọ pé òun náà fẹ́ dán an wò, Marit rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyáàfin Pruitt, tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ wọn, pe àwọn ọmọ kíláàsì náà jọ. Ó ní, “Wọ́n á kọ́kọ́ wo máàkì yín, àti bí àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn ṣe le tó. Wọ́n á wo ìdánwò yín. Tó bá ti tó bó ṣe yẹ, kò tíì parí o. Wọ́n á ka àròkọ yín, wọ́n á ka ohun tí àwọn tíṣà yín sọ nípa yín, wọ́n á bèèrè ohun tí ẹ ń fi àsìkò yín ṣe. Wọ́n á tún wo ohun tí àwọn fúnra wọn ń wá lọ́dún náà, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ èmi tàbí ẹ̀yin.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni Marit gbọ́. Ó kọ àròkọ tirẹ̀ lórí bó ṣe ṣe ipò kìíní láti kékeré. Ìyáàfin Pruitt kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀.

“Marit, gbólóhùn rẹ gún régé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé láyé ni?”

“Ṣebí èmi ni mò ń wá ibi tí mo fẹ́ lọ, mà?”

Wexcombe sì rán obìnrin àgbàlagbà kan, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó kàwé níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, pé kó bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ilé kọfí kan ní Duluth, ìlú ńlá tó sún mọ́ wọn, ni wọ́n ti pàdé. Marit dáhùn gbogbo ìbéèrè bí ẹni ń ka ìwé. Ní ìparí, obìnrin náà rọra bi í pé, “Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì yín, ìwà ta ló wù ọ́ jù?”

Marit ronú. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. “Kò sí, mà,” ló sọ.

Obìnrin náà mi orí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìparí oṣù Mẹ́ta ni èsì jáde, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá wọn ń ro ọbẹ̀ ẹja nínú ilé ìdáná, bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣí fóònù wọn lórí tábìlì.

Marit ka tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dun àwọn pé àwọn ò ní àyè fún un. Ó tún un kà, bóyá ojú rẹ̀ ló fo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà náà ló gbọ́ tí Signe mí kanlẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún àánú.

Ọ̀rẹ́ mi, àánú yẹn ló dun Marit jù. Ká ní Signe fò sókè ni, ká ní ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn fún un.

“Wọ́n gbà ẹ́?” Marit bi í.

“Marit, mi ò mọ̀ pé...”

“Mo ní, ṣé wọ́n gbà ẹ́?”

“Wọ́n gbà mí.”

Bàbá wọn gbá Signe mọ́ra, ó tún fẹ́ fa Marit mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Marit ti dìde. Ó ní orí ń fọ́ òun. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wọn ti gba Marit tẹ́lẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn tó mọ̀wé jù. Ọ̀pọ̀ òbí ni ì bá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ fún un. Lójú Marit, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ilé di iná fún un. Bí aládùúgbò bá gbé kéèkì wá láti bá Signe yọ̀, Marit á ní òun ò jẹ ohun dídùn mọ́. Bí fóònù bá dún, á tẹ́tí gbọ́ bóyá Signe ni wọ́n ń kí. Signe ra ẹ̀wù òtútù kan tí wọ́n kọ Wexcombe sí lára, kò sì wọ̀ ọ́ nílé, ó ká a sábẹ́ aṣọ mìíràn. Marit tú àpótí títí ó fi rí i. Kódà ó wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Ó bá a mu ju ti Signe lọ. Ìyẹn tún wá dá kún ìbínú rẹ̀.

Ó lọ bá Ìyáàfin Pruitt. “Ẹ ṣàlàyé fún mi, mà. Máàkì mi ga ju tiẹ̀ lọ. Ìdánwò mi ga ju tiẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò!”

“Mo mọ̀.”

“Ó gba C!”

“Marit, jókòó. Àwọn tó ní irú máàkì rẹ, tí Wexcombe kò gbà, pọ̀ débi pé wọ́n lè kún ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó lè jẹ́ àròkọ rẹ ni. Ó lè jẹ́ pé kò sí àṣìṣe tí o ṣe rárá. Signe kò gba àyè rẹ. Kò sí orúkọ rẹ lára àga kankan níbẹ̀.”

Marit dìde, ó jáde, ó gbá ilẹ̀kùn náà dé gbàà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Signe kó àwọn àgbàlagbà rẹ̀ jáde láti kọrin níwájú ìjọ. Bàbá àgbà Einar dá orin náà. Gbogbo ènìyàn dìde, omijé ń bọ́. Marit wà láàárín àwọn akọrin, ó ń gbe orin, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ohun tó ń sọ nínú ni pé, “Kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i. Kó ṣáà má lọ.”

Ìlara kì í dédé jókòó sójú kan. Bó bá ti rí àyè nínú ọkàn, iṣẹ́ ló ń wá.

Ní òtútù, adágún Halden máa ń dì gbagidi, mọ́tò a máa gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn apẹja a sì gbé ahéré wọn sórí rẹ̀, wọ́n á lu ihò síbẹ̀ láti pẹja. Signe máa ń fẹsẹ̀ gé e kọjá lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà, nítorí pé ọ̀nà títì yí po. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Marit wà lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà tí ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kettunen, aládùúgbò wọn, dúró. Aila ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Marit nílé ẹ̀kọ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Marit! Sọ fún Signe kó má gba orí adágún mọ́ o. Ibi tí odò ti wọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ti ń jẹrà lábẹ́. Téèyàn bá wò ó lókè, á dà bíi pé ó le koko. Mò ń lọ wọ́ ahéré mi kúrò báyìí. Títì ni kó gbà.”

“Mo ti gbọ́, sà. Màá sọ fún un.”

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà lọ ni Signe dé. Ó bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, ó fi aṣọ wé e, ó ń de okùn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan nípa adágún? Oòrùn àná ti pọ̀ jù.”

Marit ń ka ìwé. Kò gbé ojú sókè.

“Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.”

“Ó dáa. Mò ń bọ̀. Ṣé kí n bá ẹ kí bàbá?”

“Máa lọ jàre.”

Ilẹ̀kùn pa dé. Marit sọ fún ara rẹ̀ pé etí bèbè ni Signe máa mọ̀ pé kò dáa, á padà. Ó ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ wọlé, omi ibẹ̀ kò jìn, á kàn tutù, á dé ilé bí adìyẹ tí òjò pa, wọ́n á rí i pé ọmọ Wexcombe kò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń rò ó.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sẹ́bàá fèrèsé. Signe ti jìnnà. Kò yà kúrò níbi tí odò ti wọlé; ibẹ̀ gan-an ló dojú kọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Marit. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí dígí. Ó ṣì láyè láti sáré jáde, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ní kó dúró díẹ̀ sí i.

Ìgbà tí ara rẹ̀ wá bù máṣọ, ó já jáde láìwọ kóòtù. “Signe! Signe! Padà!”

Atẹ́gùn gba ohùn náà. Signe yíjú padà, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ju ọwọ́. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń kí òun pé ó dàbọ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ibẹ̀ ya lábẹ́ rẹ̀, omi sì gbé e mì.

Ọ̀gbẹ́ni Kettunen àti Aila ló rí i láti ibi tí wọ́n ti ń fa ahéré wọn. Bàbá náà gbé àkàsọ̀, ó fi àyà wọ́ lórí rẹ̀, Aila di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà tí Marit dé ibẹ̀, wọ́n ti fà á jáde. Ètè Signe ti dúdú. Kò mí.

Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé. Ní Duluth, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́nu pé kó máa bá a mí. Dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ṣùgbọ́n omi ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó ní àwọn kò mọ̀ bóyá yóò jí, tàbí irú ẹni tí yóò jẹ́ bó bá jí.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ìyá wọn di Marit mọ́ra. “Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé o sáré jáde láìwọ kóòtù. Ìwọ lo pè é. Ọlọ́run á bù kún ẹ.” Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá ń fọwọ́ kàn án léjìká. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, “Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn àbúrò ẹ̀ tó.”

Marit já ara rẹ̀ gbà, ó sá lọ síta.

Ohun tó ń fẹ́ ti dé. Signe kò lè lọ sí Wexcombe báyìí. Marit wá ayọ̀ náà nínú ara rẹ̀, kò rí i níbì kankan.

Ní ọjọ́ kejì, lójú ọ̀sán, Aila rí i níbi tó dá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá rẹ̀. “Wọlé, òtútù ń pa ẹ́.”

Wọ́n jọ jókòó sí àga ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni Aila ní, “Marit, mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ fún ẹ.”

Marit yíjú sí i. “Ṣé o ti sọ fún wọn?”

“Rárá. Bàbá mi rò pé o sọ fún un, pé etí kíkún ló ṣe é. Èmi mọ Signe. Ká ní o sọ fún un ni, kò ní gba ibẹ̀.”

Marit fẹ́ purọ́. Ó ya ẹnu, irọ́ náà kò jáde. Ẹkún ló jáde. “Ó bi mí léèrè! Aila, ó bi mí léèrè, mo ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kó tutù. Mo fẹ́ kí nǹkan kan ba ayọ̀ yẹn jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó!”

Aila kò sọ pé kó má sunkún. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

“Má tún sọ fún mi pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi o,” Marit sọ nígbà tó yá. “Mo ti ń kọ ọ́ lórin látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ibi tó gbé mi dé nìyí.”

“Orin lò ń kọ. O ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí.”

“Kí ni kí n sọ? Apànìyàn ni mí.”

“Sọ ìyẹn fún un. Àwọn bíi tìẹ ló kú fún. O ti ń wá ẹni tó máa wò ẹ́, tó máa sọ pé o tó, gbogbo ayé ẹ lo fi ń ṣe é. O ò tó, Marit. Èmi náà ò tó. Jésù mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gun orí àgbélébùú. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló fi san ohun tí o ṣe lójú fèrèsé yẹn. Ṣé wàá jẹ́ kó gbà á lọ́rùn ẹ, àbí wàá dá gbé e lọ?”

Oòrùn wọ inú ọkọ̀ náà. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń bá fóònù wọn sọ̀rọ̀. Marit gbé iwájú orí lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀, ó sì gba àdúrà kan tí kò sí nínú ìwé kankan. “Olúwa, mo kórìíra àbúrò mi. Mo fẹ́ ohun tó ní ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ̀mí ẹ̀ lọ. Mi ò lè fọ èyí kúrò lára mi. Jésù, ṣàánú mi. Gbà mí.”

Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé orí sókè, ó mọ̀ pé òun kò dá nìkan wà mọ́, ó sì mọ ohun tó kàn láti ṣe.

“Bá mi wọlé,” ló sọ fún Aila. “Mo fẹ́ sọ fún Mọ́mì àti Dádì.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bo ìkankan. Ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Bàbá rẹ̀ dìde, ó jáde síta. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń yìn ín gbọ́ ọ, àwọn kan kò kí i mọ́. Marit kò gbèjà ara rẹ̀.

Ọlọ́run ṣàánú. Signe jí, òye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò lágbára, ohùn rẹ̀ sì há. Nígbà tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, Marit kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ òótọ́ fún un.

Signe wò ó. “Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?”

“Mo ti rò pé rárá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí ìkórìíra yẹn ì bá dúró sí. Dárí jì mí. Tí o ò bá lè dárí jì mí, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ.”

“Jáde,” Signe sọ, ó sì kọjú sí ògiri.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Olúwa dárí ji Marit ní ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ nínú ilé wọn kò tún ṣe lọ́jọ́ kan náà. Wexcombe ní àwọn máa dá àyè Signe dúró di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà ìrúwé ni ó fi ń kọ́ bó ṣe máa gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Kò bá Marit sọ ju ọ̀rọ̀ tó bá pọn dandan lọ.

Marit ló wá ń lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, ó da ọbẹ̀ sí i láyà, bàbá sì bínú, ó fi orin lé e jáde! Ṣùgbọ́n ó padà lọ́jọ́ kejì. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń to àga, ó ń bá àwọn àgbàlagbà náà dá orin. Kò sí ẹni tó ń fún un ní máàkì fún iṣẹ́ yẹn. Ó ṣàkíyèsí pé òun kò tilẹ̀ rántí wò bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Marit ti kúrò láàárín àwọn akọrin, ó ń jókòó ti àwọn òbí rẹ̀. Àtìgbà tí Signe ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, òpin ìjókòó náà lọ́hùn-ún ló máa ń jókòó sí, àwọn òbí wọn á wà láàárín. Marit kò fi ipá sún mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ló ń dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó ń bèèrè ohun rere fún un, ó ń bèèrè kó dé Wexcombe, kó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àdúrà yẹn ń ta á lọ́fun bí egungun. Nígbà tó yá, ó ń gbà á tọkàntọkàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ, ìyẹn kí Marit tó lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀, orin àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Signe ni. Ó gbá a lẹ́sẹ̀ díẹ̀.

“Sún,” ó sọ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há yẹn.

Marit sún.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ pé o kò gbé ní etí adágún, o kò sì dúró lójú fèrèsé wo ẹnikẹ́ni tó ń rì. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ ń dùn ọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n gbà sí yunifásítì, tí ìwọ sì ṣì ń ṣe ìdánwò lọ́dọọdún? Ọ̀rẹ́ rẹ tó rí físà? Ọmọ àná tó di ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́? Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ tó ń pọn ọmọ? O ń kí wọn kú oríire. Kí lò ń sọ nínú?

Má sọ pé o kò tíì ṣe wọ́n ní ibi. Marit náà kò tíì ṣe ibi kankan títí di ọ̀sán tí àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Má sì sọ pé akọrin ni ọ́, pé wọ́n ti rì ọ́ bọmi, pé ìyá rẹ jẹ́ olórí ìyá ìjọ. Ẹni tó ń bínú sí oore tí Ọlọ́run ṣe fún ẹlòmíràn, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń bá jà, kò sì lè ṣẹ́gun.

Jésù kò ní ìwọ̀nba àyè tó lè tán. Bó bá gba aládùúgbò rẹ, ìyẹn kò dín tìrẹ kù. Kò sì ní bi ọ́ léèrè ipò tí o ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló ní kí o gbé wá, bó ṣe rí gan-an, kí o dárúkọ rẹ̀ fún un láìbò ó mọ́lẹ̀. Ó ti san án tán.

Má dúró di ìgbà tí ẹni tí o ń jowú bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Òní yìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀, dárúkọ ẹni náà níwájú Ọlọ́run. Sọ òtítọ́ nípa ara rẹ. Bẹ Jésù kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni náà nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.